Bí A Ṣe Ń Gbéra Nígbà Tí Ẹ̀rù Ò Tíì Lọ

Oṣù méje gbáko ni lẹ́tà kan fi wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo fẹ́ fi béèrè àyè láti lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Màá ṣí i, màá yí gbólóhùn kan padà, màá tún pa á dé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, èsì mi ni pé mo ṣì ń tún un ṣe. Irọ́ ni. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni lẹ́tà náà ti parí. Àyà mi ló ń já. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà mí. Mi ò mọ̀ bóyá owó ọwọ́ mi á tó mi gbé títí iṣẹ́ tuntun á fi máa mówó wọlé. Mi ò sì mọ̀ bóyá àyè á wà fún mi láti padà sí ti àtijọ́ bí nǹkan bá dojú rú. Mo wá ń retí ọjọ́ tí ọkàn mi máa balẹ̀ kí n tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ọjọ́ náà ò dé. Ìgbà tó yá, mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí ara mi fi fúyẹ́ ju bó ṣe rí ní gbogbo oṣù méje yẹn.

Ìlànà tí mo ti ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kọ síbí. Kì í ṣe ìlànà bí ẹ̀rù ṣe ń tán o. Mi ò mọ irú ìyẹn, mi ò sì gbà pé ó wà. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe, pẹ̀lú ẹ̀rù níkùn, ni mo ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹni tó bá kàn kà á kọjá, kò ní rí i lò.

Kí ni ẹ̀rù ọ̀la ń ṣe nínú ara wa?

Nígbà tí ọpọlọ bá fura sí ewu, ó máa ń ránṣẹ́ sí ara kíákíá. Adrenaline, èròjà tí ara fi ń gbára dì fún ewu, á tú jáde, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á kúrú, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn. Ó dára bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé iná ló ń jó tàbí ẹranko ló ń lé wa: ká jà, tàbí ká sá. Àmọ́ ọ̀la kì í ṣe ẹranko. Kò ṣeé bá jà lónìí, kò sì ṣeé sá fún. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń wà lójúfò lọ́sàn-án lóru, láìrí nǹkan kan dáwọ́ lé.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní University College London gbé àyẹ̀wò kan jáde tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn 45 ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà: kí wọ́n máa sọ bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta tí wọ́n rí. Bí ejò bá wà níbẹ̀, iná mànàmáná á ta wọ́n lọ́wọ́, ó sì máa ń dunni. Àwọn onímọ̀ náà ń wo bí òógùn wọn ṣe pọ̀ tó àti bí ẹyinjú wọn ṣe ń fẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà lè rò pé ìgbà tí èèyàn bá mọ̀ dájú pé iná máa ta òun ni àyà rẹ̀ á já jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá di bóyá-bẹ́ẹ̀-ni-bóyá-bẹ́ẹ̀-kọ́, tó jẹ́ pé ìdajì sí ìdajì ni, ni ìdààmú wọn ga jù lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ìrora ń bọ̀ fara balẹ̀ ju ẹni tí kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ọkàn ò bá balẹ̀, kò fi hàn pé ohun tí a fẹ́ ṣe burú. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ohun tó ń sọ ò ju pé a ò mọ bó ṣe máa parí. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, ọ̀pọ̀ wa la sì máa ń gbọ́ ọ bí ẹyọ kan. Àwọn àgbà mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Mo fẹ́ràn òwe yẹn gan-an, torí kò sọ pé kí babaláwo jókòó títí ọ̀la á fi dá a lójú. Ó ní kó wò ó lónìí, kó ṣe ti òní, kó sì tún wò ó lọ́jọ́ karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pe ẹ̀rù náà lórúkọ

Ẹ kọ ọ́ sókè ìwé yín pé: "Ẹ̀rù ń bà mí pé…" Ẹ parí gbólóhùn náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kọ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì parí rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹ máa bá a lọ títí kò fi ní sí nǹkan tó kù. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé "ẹ̀rù ọjọ́ iwájú ń bà mí." Ìyẹn ò ní ojú, kò ní imú, kò sẹ́ni tó lè bá a wọ̀yá ìjà. "Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mi ò ní rí owó ilé san tó bá di oṣù kẹrin" — èyí ṣeé dì mú. Èèyàn lè ṣírò owó. Èèyàn lè mọ oṣù tó ń jẹ́ oṣù kẹrin.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. M fún "mo mọ̀", R fún "mo rò". "Owó tó kù lọ́wọ́ mi á tó oṣù mẹ́ta" jẹ́ M bí ẹ bá ti ṣírò rẹ̀. R ni bí ẹ ò bá tíì ṣí ìwé wò. "Gbogbo èèyàn á fi mí ṣẹ̀sín" jẹ́ R, bó ti wù kó dà bí òótọ́ tó ní aago méjì òru. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, gbólóhùn mẹ́rìnlá ni mo kọ. Mẹ́ta péré ló jẹ́ M. Méjì nínú àwọn R náà sì jẹ́ ohun tí n bá ti mọ̀ ká ní mo fi fóònù pe ẹnì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ kọ déètì tí a máa mọ̀ bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ R kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo èyí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní kí èèyàn 29 tí àìsàn àníyàn ń dà láàmú máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù sílẹ̀, kí wọ́n sì máa padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ju 90 lọ nínú 100 lára ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kò ṣẹlẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn náà ò pọ̀, mi ò sì sọ pé tiyín ò ní ṣẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé orí tí ẹ̀rù bá wọ̀ kì í ṣe wòlíì gidi, ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni pé kẹ́ ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rù náà ń sọ

Àwọn ẹ̀rù kan ń gba ẹ̀mí là. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká sáà máa pa ojú dé ká máa lọ. Bí ẹnì kan bá ń ti yín pé ẹ gbọ́dọ̀ sanwó lónìí kí àǹfààní má bàa bọ́, bí wọn ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, bí owó tí ẹ fẹ́ fi sí i bá jẹ́ owó oúnjẹ ilé yín, tàbí bí ara ẹlòmíì bá lè fara pa nídìí rẹ̀, ẹ gbọ́ ti ẹ̀rù náà.

Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹ wá òye sí i nípa ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí ẹ̀rù náà máa ṣe. Ẹ̀rù tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa ń dúró lójú kan: bí ẹ ṣe ń mọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń lágbára sí i, ó sì lè nawọ́ sí nǹkan pàtó. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa ń sáré káàkiri. Ẹ dá a lóhùn lórí owó, á bọ́ sórí ọjọ́ orí. Ẹ dá a lóhùn lórí ọjọ́ orí, á bọ́ sórí ohun tí àwọn èèyàn máa sọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta tó sì ń ṣí kiri, ìdáhùn kọ́ ló ń wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ọ̀nà yìí ṣeé padà?

Ìpinnu méjì ló wà. Ọ̀kan dà bí ilẹ̀kùn tí èèyàn lè wọ̀ kó sì tún gbà jáde. Èkejì, bí èèyàn bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Bíbí ọmọ kò ṣeé padà. Fífi ilé tí ẹ ń gbé ṣe ìdúró fún gbèsè ṣòro láti padà. Ṣùgbọ́n fífi ìwé béèrè iṣẹ́, kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, fífi ohun tí ẹ kọ han àwọn èèyàn, bíbá ẹni tí ẹ ti ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ — ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwọ̀nyí, bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń fi ìwọ̀n kan náà wọn méjèèjì. Ohun tí ọ̀sẹ̀ kan tó láti pinnu, a ó fi ọdún méjì dì í mú.

Bí èyí tí ẹ kọ bá jẹ́ irú tó ṣeé padà, ẹ fún ara yín ní ọjọ́ mélòó kan péré, kẹ́ ẹ pinnu. Bó bá jẹ́ irú kejì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè sọ ọ́ di irú àkọ́kọ́. Dípò kí èèyàn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣé ó lè gba ìsinmi oṣù kan láìgba owó oṣù? Dípò kó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú tuntun, ṣé ó lè lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná? Ó máa ń ṣeé ṣe ju bí a ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò ohun tí dídúró máa ná yín

Ibí yìí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni èmi ti fi oṣù méje ṣòfò.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wá, bí a bá gbé ìwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la máa ń gbé nǹkan sí: bí mo bá ṣe é tó bàjẹ́ ńkọ́? A kì í bi ara wa pé bí mi ò bá ṣe é ńkọ́? A máa ń rò pé dídúró kì í náni ní nǹkan kan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Dwight Eisenhower, ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà, ló ni àṣẹ lórí ìgbà tí àwọn ọmọ ogun máa gba orí òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 5 ni wọ́n fi sí. Ìjì dé, James Stagg, olórí àwọn tó ń bá wọn wo ojú ọjọ́, kìlọ̀ fún un, Eisenhower sì sún ọjọ́ náà síwájú. Ní alẹ́ ọjọ́ 4, Stagg ní ó jọ pé ìjì náà máa rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó bá di ọjọ́ 6. Ó jọ pé. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí wọn ò bá sì lọ nígbà yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa tún gbà kí omi òkun tó rí bí wọ́n ṣe ń fẹ́. Eisenhower ní kí wọ́n máa lọ.

Ó wá ṣe ohun kan tí mo ti kọ́ láti máa ṣe. Kí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀, ó mú ìwé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó máa kéde bí gbogbo rẹ̀ bá forí ṣánpọ́n: pé ìgúnlẹ̀ náà ò yọrí sí rere, pé òun ti kó àwọn ọmọ ogun padà, pé orí ìròyìn tó dáa jù lọ tó wà lọ́wọ́ lòun gbé ìpinnu náà kà, pé àwọn ọmọ ogun sa gbogbo ipá wọn, àti pé bí ẹ̀bi kankan bá wà, tòun nìkan ni. Ó kọ oṣù Keje sísàlẹ̀ rẹ̀ dípò oṣù Kẹfà. Ó fi ìwé náà sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò nílò rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nígbà tó sì di ọjọ́ 19 oṣù náà, lásìkò tí wọn ì bá máa lọ ká ní wọ́n ti dúró de ìgbà mìíràn, ìjì ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ lórí òkun yẹn, ó jà fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì ba èbúté tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ jẹ́. Inú ìjì yẹn gan-an ni ìgbà tó jọ pé ó sàn jù ì bá ti bá wọn.

Tiwa kì í ṣe ogun, kò sì sẹ́ni tó máa kú bí a bá fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àmọ́ ohun méjì tó ṣe ṣeé wò fara wé.

Àkọ́kọ́, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ṣe é tí kò dáa. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ bí ayé yín ṣe máa rí bí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ẹ má ṣe kánjú lórí apá ọ̀tún. Nígbà tí mo kọ tèmi, lábẹ́ "ọdún márùn-ún" mo rí i pé mo kọ ọ́ pé: "Màá ṣì máa tún lẹ́tà náà ṣe." Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Èkejì, ẹ kọ lẹ́tà ìkùnà tiyín. Gbólóhùn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ sọ ohun tí ẹ dán wò, ìdí tí ẹ fi dán an wò, bó ṣe bàjẹ́, àti ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kọ̀ọ̀kan tó bà jẹ́ nínú lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta nípa rẹ̀: kí ni mo lè ṣe báyìí kó má bàa ṣẹlẹ̀? Bó bá ṣẹlẹ̀, kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe? Ta ni mo máa pè? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ sì fi ààlà sí i: iye owó tàbí iye oṣù tó jẹ́ pé bó bá ti débẹ̀, ẹ máa dúró, ẹ máa tún un rò. Kí ọkàn tó gbóná ni kẹ́ ẹ kọ ààlà yìí, torí ẹni tó bá ti wọ inú omi kì í mọ ibi tó jìn mọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gé e wẹ́wẹ́

Ní ọdún 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa ọmọ kékeré kan tó pè ní Peter, ọmọ tí kò tíì ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ. Ehoro máa ń dẹ́rù bà á gidigidi. Jones ò gbé ehoro lé e lórí itan. Ìgbà tí ọmọ náà bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn, wọn á gbé ehoro tó wà nínú àgò wọlé, wọn á fi í sí òpin yàrá. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn á sún un mọ́ ọn díẹ̀. Láàárín ìgbà náà ọmọ yìí ṣàìsàn, ajá ńlá kan tún dẹ́rù bà á, gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ sì padà wá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Peter ń fọwọ́ pa ehoro náà lára. Títí dòní, irú ọ̀nà yìí ni àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rù ṣì ń lò: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló wà fún. Àwọn ọmọ ìyá méjì ará Amẹ́ríkà nì tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú, Wilbur àti Orville Wright, mọ̀ pé Otto Lilienthal, ará Jámánì tó ń fò pẹ̀lú ìyẹ́ àtọwọ́dá, já bọ́ ní ọdún 1896, ó sì kú. Ẹ̀rù tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Wọn ò torí ẹ̀ dáwọ́ dúró, wọn ò sì torí ìgboyà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1900, wọ́n wá ibi tí iyanrìn rẹ̀ rọ̀, Kitty Hawk, wọ́n sì fi okùn so ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń fò ó bí àwọn ọmọ ṣe ń fa káìtì, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ti ọdún 1901 ò ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n padà sílé lọ tún ìṣirò wọn ṣe. Ní ọdún 1902, wọ́n fi èyí tó tún sàn jù fò láti orí òkìtì iyanrìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ìfò àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá 12, kò sì ju nǹkan bíi mítà 36 lọ.

Ẹ kọ ohun ńlá tí ẹ fẹ́ ṣe sókè ìwé. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ kọ ohun tó kéré jù lọ tó bá a tan. Ẹ wá kọ àwọn àkàsọ̀ tó wà láàárín. Ká ní sísọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dẹ́rù bà yín. Àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ lè jẹ́ kẹ́ ẹ ka ojú ìwé kan sókè nínú yàrá, ẹ̀yin nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan. Kẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìpàdé. Kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú èèyàn márùn-ún. Àkàsọ̀ tó dára ní àmì mẹ́ta: ẹ lè ṣe é tán láàárín ọjọ́ kan, ọwọ́ yín ló wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i, ó sì máa kọ́ yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Kí n ríṣẹ́" kì í ṣe àkàsọ̀, torí ọwọ́ ẹlòmíì ló wà. "Kí n kọ̀wé sí ẹni mẹ́ta" ni àkàsọ̀.

Bí àkàsọ̀ kan bá ṣì ń mú yín dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bú ara yín. Ó ga jù ni. Ẹ gé e sí méjì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dá ọjọ́ àti wákàtí fún un

Èyí ò gùn. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ará Jámánì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó kọ ní ọdún 1999: ẹni tó bá ti so ohun tó fẹ́ ṣe mọ́ ìgbà àti ibi pàtó máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé bá lù, tí mo bá ti jókòó sídìí tábìlì, màá fi lẹ́tà náà ránṣẹ́." Ẹ fi òmíràn tì í lẹ́yìn fún ìgbà tí ẹ̀rù bá dé: "Bí mo bá rí i pé mo tún fẹ́ yí gbólóhùn kan padà, màá gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, màá ka oókan dé ẹẹ́wàá, màá sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́." Ẹ sọ fún ẹnì kan tó máa béèrè lọ́wọ́ yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó máa béèrè láìbú yín ni o.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí wákàtí náà bá dé

Ara á yarí. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, kó má bàa dà bí àmì pé kẹ́ ẹ padà.

Ẹ fi imú fa èémí sínú níwọ̀n ìgbà tí ẹ fi ka oókan dé ẹẹ́rin, kẹ́ ẹ sì tú u síta díẹ̀díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ fi ka oókan dé ẹẹ́fà tàbí ẹẹ́jọ. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Èémí tó ń pẹ́ jáde máa ń dín bí ọkàn ṣe ń lù kù. Ìyẹn nìkan ò lé ẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ síta: "Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fẹ́ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́." Kẹ́ ẹ lo "mo sì" yẹn. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń sọ pé "mo fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí", bí ẹni pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ kí èkejì tó wọlé.

Ẹ sì bá ara yín ṣàdéhùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá: màá ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn ìyẹn mo lómìnira láti dáwọ́ dúró. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù bá wà ní góńgó. Bí a bá sá nígbà yẹn, ara á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ á sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò tọ́ pé sísá ló gbà wá. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù á tètè lé wa. Bí a bá dúró, ẹ̀rù náà á máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìlànà yìí rọ́pò. Bí ẹ ò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ìpayà bá ń dé sí yín lójijì tí èémí fi ń há, bí ẹ ò bá lè jáde nílé tàbí ṣiṣẹ́ oòjọ́ mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ pé àyà ló ń dùn yín gan-an, kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Bí ọkàn bá sì ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa ara yín, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kẹ́ ẹ má dá wà títí ẹ fi máa rí olùtọ́jú. Àìsàn àníyàn ní ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ìtìjú kankan nínú gbígbà á.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ padà síbi ìwé yín

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, yálà ó dáa tàbí kò dáa, ẹ ṣí ìwé tí ẹ fi kọ àwọn M àti R. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ṣókíṣókí: Kí ló ṣẹ? Kí ni kò ṣẹ? Kí ló ṣẹlẹ̀ tí mi ò ronú kàn rárá? Èmi ka ìbéèrè kẹta sí ju àwọn tó kù lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ kì í ṣe èyí tí mo fi òru méje bẹ̀rù, ohun tó sì ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe èyí tí mo gbójú lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkàsọ̀ tó kàn, ẹ dá wákàtí fún un kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Bó bá lọ dáadáa, ìgbà tí ara ṣì yá gágá ló dáa jù láti ṣe èyí. Bí kò bá lọ dáadáa, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ti dé ààlà tí ẹ fi síbẹ̀. Bí ẹ bá ti dé e, ẹ dúró bí ẹ ṣe ṣèlérí. Ìyẹn kì í ṣe ìjákulẹ̀, àdéhùn tí ẹ fi ọkàn tútù ṣe ni. Bí ẹ ò bá tíì dé e, ẹ yí ọ̀nà padà, ẹ má yí ibi tí ẹ ń lọ.

Lẹ́tà mi yẹn, ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì rẹ̀ dé. Wọn ò gbà mí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dùn mí gan-an. Lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé mi. Lábẹ́ "Bí wọn ò bá gbà mí", ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ ni pé: béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó, fi ránṣẹ́ sí ibòmíì lọ́jọ́ Ajé, aago méje àárọ̀. Nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, àyà mi ń já bíi ti àkọ́kọ́. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́.